Wọ́n Gún Mi

Ẹ̀jẹ̀ ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé Olùtọ́jú-Ẹ̀rí ń kú lọ nínú yàrá rẹ̀. Agbálẹ̀ kóòtù ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó rò pé ẹnì kan ló da íǹkì pupa sílẹ̀, ó sì ti ń gbé onítọ̀hún ṣépè kó tó rántí pé íǹkì kì í lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ fi máa dé ibẹ̀, aago kan ọ̀sán Ọjọ́rú ti kọjá, ẹ̀mí sì ti bọ́ lára obìnrin náà. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Abẹ́rẹ́. Obìnrin kúkurú, tín-ín-rín ni, ó ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà lẹ́yìn tí gìrìpá ọ̀daràn kan fojú di í, tó sì jí sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Yàrá ẹ̀rí ò tóbi. Pẹpẹ irin yí ògiri ká, ẹrù àwọn ọ̀daràn sì wà lórí wọn: àdá tó ti dípẹtà, bàtà ẹsẹ̀ kan, tẹlifísàn tí ojú rẹ̀ fọ́, nọ́ńbà sì wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Òkú náà nà gbalaja sáàárín wọn. Ojú ọgbẹ́ méje ni Abẹ́rẹ́ kà lára rẹ̀, mẹ́ta lọ́rùn, mẹ́rin láyà. Èékánná ọwọ́ rẹ̀ méjì ti ya, ó hàn pé ó di nǹkan mú títí agbára rẹ̀ fi tán. Lórí pẹpẹ kejì, ibi kan ṣófo. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni mọ́kànlélógójì.

Àpò kan ṣoṣo tó ní nọ́ńbà yẹn ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kokéènì tí wọ́n ká mọ́ ọwọ́ ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyẹ̀fun ló sì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì ni ìjọba máa gbé àpò náà kalẹ̀ níwájú Adájọ́. Bí wọn ò bá rí i gbé kalẹ̀, tàbí tí wọ́n gbé e dé pẹ̀lú ìfura pé ọwọ́ àjèjì ti kàn án, ẹjọ́ parí nìyẹn. Ìyẹ̀fun á lọ sílé lọ jẹun.

Ọ̀rọ̀ náà ka Abẹ́rẹ́ lára ju bó ṣe yẹ kó ka ọlọ́pàá lára lọ. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú àbíkẹ́yìn ìyá rẹ̀, eruku funfun sì wà nímú rẹ̀. Títí dòní, tí Abẹ́rẹ́ bá lọ kí ìyá wọn, ìbéèrè kan náà ni ìyá ń bi í kó tó jókòó: “Ẹni tó tà á fún un dà?” Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti mú Ìyẹ̀fun dé kóòtù láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Lọ́yà tó ń gbà á sílẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa gba àwọn oníṣòwò oògùn olóró sílẹ̀. Lọ́yà Kọ́kọ́rọ́ ni àwọn ọ̀daràn ń pè é, nítorí pé kò sí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n tí kò lè ṣí. Inú ọkùnrin náà sì máa ń dùn sórúkọ yẹn, ẹ bá mi wo aláìnítìjú.

“Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́,” ni Sájẹ́ǹtì tó bá Abẹ́rẹ́ wá sọ fún agbálẹ̀ náà. Oṣù mẹ́jọ ló kù kí Sájẹ́ǹtì fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ ohun tó máa gùn. “Ṣé ó sọ nǹkan kan kó tó kú?”

“Ó sọ̀rọ̀. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Ó ní, ‘Wọ́n gún mi. Wọ́n ti gbé àpò náà lọ.’ Ó wá tún ń sọ àwọn nǹkan kan tí kò lórí tí kò nídìí…”

“Ìyẹn ti tó, Màmá. Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín.”

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní èdè ìjọba, torí èdè ìjọba nìkan ni kóòtù ń kà: àwọn ọkùnrin púpọ̀ gún obìnrin náà, wọ́n sì gbé ẹ̀rí sá lọ. Abẹ́rẹ́ rí i, kò bá a jiyàn. Ibi tó ṣófo lórí pẹpẹ ló ń wò.

Sẹkiúrítì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sáré dé. Ó ní àwọn géńdé mẹ́ta dúró lórí alùpùpù nítòsí ògiri láti aago méjìlá, wọ́n sì fò lọ nígbà tí agbálẹ̀ figbe ta. Ọ̀kan lára wọn ní àpá láti etí dé àgbọ̀n. Abẹ́rẹ́ àti Sájẹ́ǹtì wo ara wọn. Alápàá nìyẹn, ọmọ iṣẹ́ Ìyẹ̀fun.

*

Ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kan ni wọ́n ti ká wọn mọ́. Abẹ́rẹ́ ò tíì sọ pé “ọlọ́pàá” tán tí àdá fi jáde lábẹ́ táyà. Sájẹ́ǹtì gbọ́wọ́ sókè láti dáàbò bo orí rẹ̀, àdá náà sì là á láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ẹran funfun yọ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé. Ó ké bí ọmọdé. Ẹni tó ṣá a tún gbé àdá sókè. Abẹ́rẹ́ yìnbọn, ọta wọ ọkùnrin náà ní itan, ó sì wó lu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́.

Alápàá fo ẹni tó ṣubú náà kọjá, ó ń sá lọ. Irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń ṣí táyà ló wà nítòsí, òun ni Abẹ́rẹ́ sọ lù ú lójúgun. Ariwo egungun tó ṣẹ́ kò ṣeé fi ẹnu ròyìn. Nígbà tí ẹnì kẹta rí i bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀, tó na ọwọ́ méjèèjì fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù náà títí, wọn ò rí àpò kankan.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, kọ́ńsítébù kan fọ́ Alápàá létí kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ lé e jáde. “Ohun tó o bá fi lílù gbà,” ló wí fún un, “lọ́yà á fi ẹnu gbà á padà.” Ó wá fa àga, ó jókòó.

“Ta ló gún obìnrin yẹn?”

“A ò wọlé rárá! Wọ́n ní ká dúró sí ẹ̀yìn ògiri títí aago kan. Wọ́n ní àwọn á gbé àpò jáde wá bá wa. A dúró títí, wọn ò yọjú, la bá gbọ́ igbe.”

“Àwọn mélòó?”

“Mélòó bí ti báwo?”

“Àwọn tó ní àwọn á gbé àpò wá. Àwọn mélòó ni wọ́n?”

Alápàá wò ó bí ẹni tó ń wo òpè. “Ẹnì kan ni, ọ̀gá. Àgbàlagbà ni wọ́n. Ṣé kí n wá máa pe àgbàlagbà ní ‘ó’ ni? Ẹni burúkú ni mí o, àmọ́ wọ́n kọ́ mi nílé.”

Abẹ́rẹ́ sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà tó fi máa béèrè orúkọ àgbàlagbà náà, ilẹ̀kùn ti ṣí. Lọ́yà Kọ́kọ́rọ́ ló wọlé, pẹ̀lú ẹ̀wù dúdú tí wọ́n lọ̀ dáadáa àti ìwé ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́.

“Ọ̀rọ̀ ti parí, ọmọ mi. Pa ẹnu rẹ dé.”

“Ta ló pè yín, Lọ́yà?” ni Abẹ́rẹ́ bi í. “A ò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.”

“Òfin ló pè mí, ọ̀gá ọlọ́pàá. Ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yìí? Ṣé ẹ rí etí rẹ̀? A máa sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn lọ́jọ́ Ẹtì.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tó dùn ún wò, ó sì mú géńdé rẹ̀ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, dókítà tó yẹ òkú wò fi ìwé ránṣẹ́: ojú ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju ojú ìṣó ńlá lọ, ṣùgbọ́n ó jìn dé ẹ̀dọ̀fóró. Àdá kì í dá irú ihò bẹ́ẹ̀.

*

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Abẹ́rẹ́ bá agbálẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ ẹ̀jẹ̀ kúrò láàárín táìlì. Òun náà kúnlẹ̀ tì í.

“Màmá, ẹ dárí jì mí. Lánàá, ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu yín, a ò jẹ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́ tán. Kí ni àwọn nǹkan tí kò lórí tí kò nídìí yẹn?”

Obìnrin náà gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. “Ó ní wọ́n ń sunkún. Ó ní, ‘Wọ́n ń gún mi, wọ́n ń sunkún.’ Ó wá di aṣọ mi mú, ó ní kí n bá òun bẹ àwọn ọlọ́pàá, kí wọ́n má nà wọ́n. Mo rò pé ikú ló ń ra á níyè. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó gún un?”

“Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀,” ni Abẹ́rẹ́ dáhùn. “Màmá, nínú kóòtù yìí, ta ni òun máa ń pè ní ‘wọ́n’?”

“Òun? Ẹni yẹn ò bọ̀wọ̀ fẹ́nì kankan o, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Kí Adájọ́ ṣáà ti kẹ̀yìn, ‘ó’ ló ń pè é. Lọ́yà Kọ́kọ́rọ́ gan-an, ojú rẹ̀ kòrókòró ló ti sọ fún un pé, ‘Gbé bàtà rẹ kúrò lórí ẹ̀rí mi.’” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yí padà sí nǹkan mìíràn lójú rẹ̀. “Àfi Rẹ́jísírà, akọ̀wé àgbà kóòtù, nìkan. Àwọn ló gbà á síṣẹ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ogún ọdún. Àwọn ló fà á fọ́kọ. Bí wọ́n bá ń kọjá lọ, ó máa ń dìde…”

Àwọn méjèèjì wo ẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí iná ọ́fíìsì Rẹ́jísírà ti ń tàn.

*

Rẹ́jísírà ń di fáìlì nígbà tí Abẹ́rẹ́ wọlé. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣe é: á lu ihò sí igun ìwé, á ki òwú bọ̀ ọ́, á sì so ó. Ọkùnrin ńlá ni, irun rẹ̀ ti funfun, aṣọ funfun sì wé mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ọ̀tún.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?”

“Gíláàsì ló gé mi.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́.” Abẹ́rẹ́ jókòó. “Ìṣó lẹ fi ń lu fáìlì lónìí.”

Ọwọ́ bàbá náà dúró.

“Irin ṣóńṣó yín dà, Bàbá, èyí tó ní ìdí igi? Gbogbo ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì yìí ló mọ̀ ọ́n. Ìdí igi yẹn ti dán nítorí ọwọ́ yín. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá bá a, ó máa ń yọ̀, ọwọ́ á sì sọ̀ kalẹ̀ sórí irin.”

“Ó sọnù.”

“Ó ní kí wọ́n má nà yín.”

Ó gbójú sókè. “Ta ni?”

“Ó ń kú lọ, ó ń bẹ agbálẹ̀ pé kí àwọn ọlọ́pàá má nà yín.”

Nǹkan kan já nínú bàbá náà. Abẹ́rẹ́ rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọwọ́ òsì tó ti wọ dúrọ́ọ̀ lọ. Irin náà ò sọnù. Bàbá náà fò kọjá tábìlì pẹ̀lú rẹ̀, ó ń ké bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ síwájú, irin wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì yọ lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì ṣubú lu kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá náà wúwo lórí rẹ̀, ó fún un lọ́rùn, omijé rẹ̀ ń kán sí i lójú. Ó ń sunkún! Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un wá nǹkan kiri ilẹ̀, ó kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu òǹtẹ̀, irin gidi, ó sì la á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó tú u sílẹ̀.

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, olúkúlùkù ń mí helehele.

“Mo ní kó fi sílẹ̀,” ni Rẹ́jísírà wí. “Mo bẹ̀ ẹ́. Ó di àpò náà mú. Mo ní, ‘Ọmọ mi, fi sílẹ̀.’ Ọwọ́ mi ló ń ṣe é, èmi kọ́.”

“Ta ló rán yín níṣẹ́ ọ̀hún?”

“Wọ́n gba ọmọ mi ọkùnrin lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n lọ́dún tó kọjá, ẹjọ́ oògùn. Wọn ò béèrè nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá béèrè.” Ó mi orí. “Mi ò lè dárúkọ wọn.”

“Àpò náà ńkọ́?”

Ó nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣubú lù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó fáìlì àwọn ẹjọ́ tó ti kú sí. Àpò onínọ́ńbà mọ́kànlélógójì wà lábẹ́ wọn, èdìdì rẹ̀ ò já, ìfọwọ́sí olóògbé sì wà lórí rẹ̀ gbágbáágbá. Igbe agbálẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

*

Ẹ wá wo ohun tí lọ́yà lè fi ẹnu ṣe.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyẹ̀fun jókòó nínú àpótí ẹlẹ́jọ́, Rẹ́jísírà jókòó tì í pẹ̀lú bándéèjì lórí. Lọ́yà Kọ́kọ́rọ́ ló ń gba ẹjọ́ àwọn méjèèjì rò. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó ti fọ ọ̀rọ̀ tí Rẹ́jísírà sọ dà nù. Orí bàbá arúgbó yìí, ṣé fúnra rẹ̀ ló bẹ́? Ṣé ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu ẹni tí ọlọ́pàá fi irin lù jáde ṣe é gbà? Adájọ́, obìnrin onígíláàsì tí kì í fi ìwé òfin ṣeré, ní kò ṣe é gbà. Abẹ́rẹ́ dúró níbi tí ẹlẹ́rìí ń dúró, ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì ń ro ó, inú sì ń bí i débi pé ojú rẹ̀ ń ṣú.

“Ọ̀gá ọlọ́pàá,” ni Lọ́yà wí, “ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ rèé. Ẹ̀rí ẹni tó ń kú lọ. Ó ní àwọn ọkùnrin púpọ̀ ló gún òun, wọ́n sì gbé àpò lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ kọ ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ la kọ ọ́. Àṣìṣe wa ni. ‘Wọ́n’ ló sọ.”

“Wọ́n! Wọ́n ju ẹyọ kan lọ, àbí? Oníbàárà mi, Rẹ́jísírà, ẹyọ kan ni. Nítorí náà, àwọn àjèjì ló pa á, àwọn àjèjì ló gbé àpò jáde, ẹni tó dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ilé tí ẹ fi itọ́ mọ ni, ìrì ló máa wó o.” Ó yíjú sí èrò tó kún kóòtù, ó fi èdè ìjọba sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbádùn ọ̀rọ̀ náà. “Olúwa mi wà níbí. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n jókòó sórí àga yẹn, wọ́n sì kìlọ̀ fún ìjọba pé bí àpò náà bá jáde nínú ọgbà yìí pẹ́rẹ́, àwọn ò ní gbà á!”

“Àwọn mélòó?” ni Abẹ́rẹ́ béèrè.

“Kí lẹ wí?”

“Àwọn tó jókòó sórí àga yẹn lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n kìlọ̀. Àwọn mélòó ni wọ́n, Lọ́yà?”

Obìnrin kan pòṣé láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín sì bú. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Lọ́yà Kọ́kọ́rọ́. Ẹyin lohùn. Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún wọ̀ ọ́.

“Èmi nìkan ni mo jókòó,” ló wí. “Ọ̀gá ọlọ́pàá, kí lẹ ń gbìyànjú láti sọ?”

“Mo ń sọ pé olóògbé kì í bọ̀wọ̀ fún ẹlòmíràn nínú ilé yìí, Olúwa mi, àfi ẹnì kan. Màmá agbálẹ̀ wà níta. Ẹ pè wọ́n wọlé kí wọ́n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán. A ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán lọ́jọ́ kìíní.”

Agbálẹ̀ wọlé, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú. Kò wo lọ́yà, kò wo Adájọ́. Rẹ́jísírà ló dojú kọ. “Ó ní wọ́n ń gún òun, wọ́n ń sunkún,” ló wí. “Ó ní kí wọ́n má nà wọ́n. Ó ní wọ́n ti dàgbà.”

Rẹ́jísírà dìde. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń dún.

“Ẹ jókòó, Bàbá!” ni Lọ́yà Kọ́kọ́rọ́ sọ kíákíá. “Ẹ ò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan.”

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá náà ti ń wólẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti wọ ẹ̀wù dúdú, títí kan àwọn tó lè bí lọ́mọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì, tó wà nínú irin, sí ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀.

“Òun ló rán mi,” ló wí. “Ó jókòó sínú ọ́fíìsì mi. Ó ní bí mi ò bá gbé e jáde, òun á dá ọmọ mi padà sẹ́wọ̀n. Ó mọ̀ pé ọmọbìnrin yẹn wà níbẹ̀. Ó ní kí n ṣe ohun tó bá gbà.”

Ìyẹ̀fun wo ẹnu ọ̀nà iwájú tó mọ̀ dáadáa. Sájẹ́ǹtì ti dúró síbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ kan tó so kọ́ ọrùn.

Adájọ́ yíjú sí ògbufọ̀ kóòtù. Ọkùnrin náà dìde láti sọ ọ̀rọ̀ Rẹ́jísírà di èdè ìjọba fún ìwé àkọsílẹ̀. Ní tòótọ́, kò nílò àtirò ó lẹ́ẹ̀mejì: ‘ó’ ni bàbá náà sọ, kì í ṣe ‘wọ́n’. Kò sí ẹni tó máa bi í pé mélòó.